Bí a ṣe ń gbé ìwé àtijọ́ agboolé, ìjọ àti ẹgbẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì: ìlànà fún àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́

Àwọn ìwé tó mọ inú Ògbómọ̀ṣọ́ dunjú kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwé pélébé tí ìjọ tẹ̀ nígbà àjọ̀dún, àlùmánáàkì ẹgbẹ́ tó ní àwòrán gbogbo àwọn olóyè rẹ̀, ìwé ètò ìsìnkú bàbá àgbà, ìwé ìtàn agboolé, lẹ́tà àti káàdì ẹgbẹ́ tí àwọn oníṣòwò kó bọ̀ nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àjèjì ní ìparí 1969: inú àpótí àti orí kọ́bọ́ọ̀dù ni irú wọn máa ń wà. Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn ní láti kọ́kọ́ mọ ilé tí wọ́n wà, kí ó sì mọ ẹni tí yóò bá òun bẹ onílé. Ní gbogbo àsìkò yìí, ikán, òjò àti ilé kíkó kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ohun tí a lè fi gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ síta ti wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù tí kámẹ́rà rẹ̀ mọ́ díẹ̀. Internet Archive, tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní San Francisco ní 1996, ń gba ìwé lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Wikimedia Commons, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ń gba àwòrán àti ìwé tí àwọn tó ń kọ Wikipedia Yorùbá lè mú lò. Ẹ̀rọ kọ́ ni ó ń dí wa lọ́wọ́ mọ́. Ìyọ̀ǹda àti àpèjúwe ló ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́, nítorí ẹni tó ya àwòrán ìwé dáadáa ṣùgbọ́n tí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, tí kò sì kọ ohun tí ìwé náà jẹ́ síbẹ̀, ìjà ló gbé síta, bí kò bá sì sí ìjà, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní rí ló gbé síta. Orí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni màá pẹ́ sí jù. Ti kámẹ́rà kò le tó bẹ́ẹ̀.

Ta ló ni ìwé náà?

Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta 2023, ni a ń lò ní Nàìjíríà báyìí. Lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó kọ ìwé ló ni àṣẹ láti sọ bóyá ẹlòmíràn lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àṣẹ náà sì wà lọ́wọ́ àwọn ajogún rẹ̀ fún ọdún 70 lẹ́yìn ìparí ọdún tó kú. Bí ìwé kò bá ní orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún tí wọ́n gbé e jáde ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún 70 náà. Fótò ní tirẹ̀ kò pẹ́ tó ìyẹn: ọdún 50 láti ọdún tí wọ́n gbé e jáde ni.

Ẹ jẹ́ ká lo ìwé méjì láti fi wò ó. Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó ṣe, Smithsonian Institution ní Washington ló gbé e jáde ní 1858. Òun fúnra rẹ̀ sì kú ní 1875. Kò sí ẹni tí ẹ ó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìwé yẹn mọ́, ìdí sì nìyẹn tí odindi rẹ̀ fi wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìtàn agboolé tí kò ní orúkọ òǹkọ̀wé, tí wọ́n tẹ̀ ní 1962, ṣì wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ títí di ìparí 2032. Bí òǹkọ̀wé bá fi orúkọ sí i, tí ó sì kú ní 1990, ó di ìparí 2060. Kí ìwé gbó, kí etí rẹ̀ máa já, kò sọ ọ́ di ti gbogbo ayé.

Bákan náà, pé ìwé wà nínú àpótí yín kò fún yín láṣẹ lórí ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Bàbá yín rà á ni, tàbí wọ́n pín in fún un níbi àpèjẹ. Ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó wá ìdáhùn sí ni ta ló kọ ọ́, ǹjẹ́ ó ṣì wà láàyè, bí kò bá sí mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ wo ni a lè rí? Lórí lẹ́tà, ẹni tó kọ lẹ́tà ló ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Èyí máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu.

Bí ẹ bá wá òǹkọ̀wé tàbí àwọn ajogún rẹ̀ tì, ẹ má gbé odindi ìwé náà síta. Ẹ ṣe ẹ̀dà tí yóò wà ní ìpamọ́, kí ẹ bá ilé-ìkàwé kan sọ̀rọ̀, nítorí òfin 2022 yìí kan náà ti fàyè sílẹ̀ fún ilé-ìkàwé àti ilé ìpamọ́ láti ṣe ẹ̀dà ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kí ó má baà parun. Ohun tí ẹ lè gbé jáde láìbẹ̀rù ni àpèjúwe rẹ̀: orúkọ ìwé, ọdún, iye ojú-ìwé, ohun tó dá lé, àti ibi tí ẹni tó bá fẹ́ kà á lè dé. Àpèjúwe lásán yẹn ti tó láti gba olùwádìí lọ́wọ́ ìrìn àìmọye.

Bí a ṣe ń tọrọ àyè

A kì í fi WhatsApp tọrọ irú nǹkan báyìí lọ́wọ́ àgbà. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ mú ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ nínú agboolé náà dání, ẹ kí wọn bó ṣe yẹ kí ẹ tó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìwé. Baálé tàbí mọ́gàjí lè ní kí ẹ padà wá nígbà tí àwọn ọmọ ilé tó wà ní Jọ́ọ̀sì tàbí Kánò bá wálé ọdún; ìyẹn kì í ṣe pé wọ́n kọ̀. Ní ti ìjọ, akọ̀wé ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí, ìgbìmọ̀ ni yóò sì jókòó lé e lórí, ó sì lè tó oṣù mélòó kan kí èsì tó jáde. Ó máa ń súni, mo mọ̀. Síbẹ̀, ìwé tí gbogbo ilé fọwọ́ sí kì í pe ọlọ́pàá tàbí lọ́yà sí ni lọ́rùn lẹ́yìnwá ọ̀la.

Ẹ kọ ohun tí ẹ ń tọrọ sílẹ̀ ní Yorùbá tó já gaara, kí ẹ kà á sókè sí etígbọ̀ọ́ wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i tàbí tẹ̀ka. Ọ̀rọ̀ bí irú èyí ti tó (màá ṣàlàyé CC BY-SA lẹ́yìn rẹ̀):

«Èmi, tí mo ni ẹ̀tọ́ lórí ìwé tí orúkọ rẹ̀ wà lókè yìí, yọ̀ǹda kí a gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ àṣẹ CC BY-SA 4.0. Ó yé mi pé ẹnikẹ́ni lè kà á, ó lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó sì lè tún un lò, kódà fún òwò, bí ó bá ti lè dárúkọ wa, tí ó sì fi iṣẹ́ tirẹ̀ náà sílẹ̀ lábẹ́ irú àṣẹ kan náà. Ó yé mi pé n kò lè gba àṣẹ yìí padà lọ́wọ́ ẹni tó ti gba ìwé náà.»

Ẹ kọ ọjọ́, ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ wọn, kí òmíràn wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ ya àwòrán ìwé ìyọ̀ǹda náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e síta, nítorí orúkọ àti ìfọwọ́sí ènìyàn wà lórí rẹ̀.

Àwọn àṣẹ tí Creative Commons ṣe, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ìparí 2002, ló rọrùn jù láti lò, nítorí pé kò sí ibi tí wọn kò mọ̀ wọ́n. CC BY ń béèrè kí a dárúkọ ẹni tó ni iṣẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. CC BY-SA fi kún un pé ohun tí wọ́n bá tún ṣe láti inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí bákan náà. Òun ni Wikipedia ń lò. Àwọn kan nínú agboolé yóò yan èyí tó ní NC lára, tó túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má fi ṣòwò. Ẹ̀tọ́ wọn ni, Internet Archive yóò sì gbà á, ṣùgbọ́n Wikimedia Commons kì í gba NC, bẹ́ẹ̀ ni kì í gba ND tó ní kí a má yí ohunkóhun padà. Ẹ sọ èyí fún wọn kí wọ́n tó yàn.

Ohun kan tún wà tí kò sí nínú irú ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní èdè ń rán ẹ̀rọ káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì láti kó gbogbo ohun tó bá wà ní gbangba. Ní oṣù kẹrin 2025, Wikimedia sọ pé ìlò íntánẹ́ẹ̀tì tó ń lọ sí gbígba àwòrán, fídíò àti ohùn kúrò lọ́dọ̀ wọn ti fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láti oṣù kìn-ín-ní 2024, pàápàá nítorí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìtàn agboolé síta, ẹ gbà pé wọ́n á kó òun náà. Àwọn kan rí i gẹ́gẹ́ bí ire, kí èdè Yorùbá lè wà nínú ohun tí ẹ̀rọ mọ̀. Àwọn kan rí i gẹ́gẹ́ bí kí aláṣọ ńlá wá gba aṣọ lọ́wọ́ ẹni tó wọ àkísà. Ní Yunifásítì Pretoria, àwọn onímọ̀ òfin kan ti ṣe ìwé àṣẹ tí wọ́n pè ní Nwulite Obodo, tó ń wá ọ̀nà kí àwọn tó ni èdè rí nǹkan gbà lọ́wọ́ àwọn tó wá láti òkèèrè. Kò tíì wọ́pọ̀ lórí àwọn ibi tí mo dárúkọ yìí. Ní tèmi, ìpinnu yìí kì í ṣe ti ẹni tó mú fóònù dání. Àwọn tó ni ìwé ni kí ẹ bi, lẹ́yìn tí ẹ bá ti là á yé wọn.

Ohun tí kò yẹ kó jáde

Ìwé ètò ìsìnkú ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ojú-ìwé tó ní ìtàn ìgbésí ayé olóògbé dára púpọ̀ fún ẹni tó ń wá ìtàn; ojú-ìwé tó tẹ̀ lé e sì lè kún fún orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó wà láàyè, ibi tí wọ́n ń gbé, ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ àti nọ́ńbà fóònù wọn. Òfin Ìdáàbòbo Ìsọfúnni Ara Ẹni ti 2023 ń dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àwọn gbájúẹ̀ sì ń wá a lójú méjèèjì. Ẹ bò ó. Orí ẹ̀dà JPEG, ìyẹn fáìlì àwòrán, ni kí ẹ ti bò ó, pẹ̀lú àpótí dúdú tí kò jẹ́ kí ojú ríran kọjá, kí ẹ tó so àwọn àwòrán pọ̀ di PDF. Bí ẹ bá ṣe é nínú PDF tààrà, ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ dúdú náà lè ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ṣí i. Fáìlì àkọ́kọ́ tí ẹ kò bo ohunkóhun lórí rẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ sọ́dọ̀.

Ìwé ìbáwí ìjọ, tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí wọ́n dá dúró nítorí ìyàwó kejì tàbí gbèsè sí, kò gbọdọ̀ dé gbangba rárá. Káàdì ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ìwé àjọ tó fi ẹni tó jẹ gbèsè hàn pẹ̀lú, títí tí gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ yóò fi ti lọ tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti oyè yàtọ̀. Kò sí ìwé ìtàn agboolé tí kò ní ibi tó ti sọ pé tiwa ni ilẹ̀ yìí tàbí àwa la kọ́kọ́ dé. Ẹ má yọ ọ́, ẹ má sì tún un ṣe. Ẹ kọ ọ́ sínú àpèjúwe pé bí agboolé yìí ṣe sọ ìtàn ara rẹ̀ nìyí. Bí agboolé kejì bá bínú, ẹ ní kí wọ́n mú ìwé tiwọn náà wá.

Yíya àwòrán

Ilé tí ìwé wà ni kí ẹ ti yà á, kí ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀. Ojú-ìwé A4 tí a bá fẹ́ kó mọ́ dé ìwọ̀n 300 dpi (àmì 300 nínú íńṣì kan) tí àwọn ilé-ìkàwé ń lò gba píkísẹ́ẹ̀lì 2480 ní ìbú àti 3508 ní gígùn, tí kò tó mílíọ̀nù 9 lápapọ̀. Kámẹ́rà fóònù tó ní mílíọ̀nù 12 ti kájú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ṣòro. Ẹ gbé tábìlì sí fàràńdà tàbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní àárọ̀, níbi tí oòrùn kò ti ní kọ lu ìwé náà gan-an, kí ẹ pa fúláàṣì fóònù. Bí bébà bá fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ń hàn sí iwájú, ẹ fi bébà dúdú sẹ́yìn ojú-ìwé náà, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yóò pòórá. Ẹ má ṣe fa pínnì tó ti dípẹtà yọ láàárín ìwé pélébé. Ojú-ìwé tó wà láàárín ni yóò kọ́kọ́ bá a lọ. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ gbá eruku kúrò lójú ìwé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi omi sí i, ẹ má sì tọ́ ìka lá kí ẹ tó ṣí i.

Àlùmánáàkì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ó ti ká fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú rẹ̀ ń dán, àwòrán kéékèèké sì pọ̀ lórí rẹ̀ tí orúkọ wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi agbára nà án, yóò ya níbi tó ti ká. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù, ẹ ti bà á jẹ́ pátápátá. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ fi ìwé tó wúwo lé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yà á, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, kí ó má ti ẹ̀yìn fóònù wá, kí dídán rẹ̀ má baà fọ́ ojú àwòrán. Ẹ yà á lódindi lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ yà á ní apá-apá, kí apá kọ̀ọ̀kan wọ inú èkejì díẹ̀. Kí ẹ tó kí onílé pé ó dàbọ̀, ẹ fẹ àwòrán náà lójú fóònù, kí ẹ ka orúkọ tó kéré jù lọ. Bí kò bá ṣeé kà, ẹ tún un yà.

Ẹ ka iye ojú-ìwé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ya gbogbo rẹ̀, títí kan èèpo ẹ̀yìn àti ojú-ìwé òfìfo. Ẹ má fi WhatsApp fi àwòrán ránṣẹ́ síra yín bí a ṣe ń fi fótò ránṣẹ́, nítorí yóò gé e kéré. Bíi document ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá lọ lo ẹ̀rọ sikáànù ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Under-G, ẹ dúró ti ẹni tó ń bá yín ṣe é, kí ẹ sì rí i pé ó pa fáìlì yín rẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Orúkọ fáìlì kò gbọdọ̀ ní àmì ohùn tàbí àlàfo, nítorí àwọn kọ̀ǹpútà kan máa ń sọ ọ́ di ìdọ̀tí. Ẹ fi ọdún ṣáájú, orúkọ tẹ̀ lé e, ojú-ìwé gbẹ̀yìn, bí irú èyí: 1962_itan-agboole_001.

Ọdún wo ni, kí sì ni ó jẹ́?

Púpọ̀ nínú ìwé pélébé ìlú wa ni kò ní ọdún ìtẹ̀jáde lára. Ẹ má fojú bù ú. Ẹ wá ẹ̀rí nínú ìwé náà. Bí wọ́n bá ka iye owó rẹ̀ ní ṣílè àti sísì, ó ṣáájú 1973, nítorí ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún yẹn ni náírà wọlé. Bí ó bá pe ibi tí a wà ní Western Region, ó ṣáájú ìgbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1967. Bí ó bá pè é ní Western State, ó wà láàárín ìgbà náà àti oṣù kejì 1976 tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìwé tó fi Òṣogbo sínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò kọjá oṣù kẹjọ 1991. Ìwé tó kí Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá gẹ́gẹ́ bí Prẹ́míà wà láàárín ìparí 1959 àti oṣù kìn-ín-ní 1966. Nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 kò lè ṣáájú 2001. Ọ̀nà ìkọ̀wé àtijọ́, bíi «aiye» àti «enia», jẹ́ ẹ̀rí tí kò lágbára: àkọtọ́ tuntun dé ní 1974, ṣùgbọ́n àìmọye àgbà ni kò fi ti àtijọ́ sílẹ̀ títí wọ́n fi lọ. Ẹ wo orúkọ ilé ìtẹ̀wé tó wà ní ìsàlẹ̀ èèpo ẹ̀yìn pẹ̀lú, kí ẹ bi àwọn àgbà ìgbà tí wọ́n ń tẹ̀wé níbẹ̀.

Ká sọ pé ìwé kan wà lọ́wọ́ yín tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Ìtàn Agboolé Wa. Àpèjúwe rẹ̀ lè lọ báyìí:

«Ìtàn Agboolé Wa (Itan Agboole Wa). Kò sí orúkọ òǹkọ̀wé lórí ìwé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ láàárín 1967 àti 1972: ó pe ìlú ní Western State, ṣílè méjì sì ni iye owó tó wà lára rẹ̀. Ojú-ìwé 24 pẹ̀lú èèpo. Ìsàlẹ̀ ojú-ìwé 11 ya, ìlà méjì sọnù níbẹ̀. Ó sọ bí agboolé náà ṣe tẹ̀ dó sí Ògbómọ̀ṣọ́ (Ogbomoso, Ogbomosho), oríkì wọn, àti orúkọ àwọn ọmọ ilé tó ń ṣòwò ní Gánà. Agboolé ló fọwọ́ sí i kí ó jáde lábẹ́ CC BY-SA 4.0.»

Ẹ ṣàkíyèsí pé mo kọ orúkọ ìlú ní ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, àwọn ìwé ìgbà ìjọba òyìnbó sì fi «sh» kọ ọ́. Kódà ẹni tó fi àmì sí i lè má rí i: ẹ́ àti ọ̀ kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà; lẹ́tà àti àmì ohùn ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀, ọ̀rọ̀ méjì tó jọra lójú wa sì lè yàtọ̀ lójú ẹ̀rọ. Ẹ fi Gboard, àtẹ ìkọ̀wé Google fún fóònù, tó ní Yorùbá kọ àkọlé dáadáa pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ẹ sì tún un kọ láìní àmì nínú àpèjúwe.

Gbígbé e sókè

Èyí kò gùn. Ẹ fi ímeèlì ṣí àkáǹtì ní archive.org, ẹ so àwọn àwòrán pọ̀ di PDF kan, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Upload sí, kí ẹ da àpèjúwe yín sí àwọn àyè tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Ẹ mú Yorùbá níbi tí wọ́n ti béèrè èdè, ẹ sì yan àṣẹ tí agboolé fọwọ́ sí. Ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ ti fara balẹ̀: àdírẹ́sì tí ìwé náà yóò máa jẹ́. Bí ẹ bá ti gbé e sókè tán, gbogbo ohun mìíràn ni ẹ lè padà wá tún ṣe, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì náà kì í ṣeé yí padà bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ṣe é lóru tàbí ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dúró, kí détà yín má baà ṣòfò.

Ní Commons, bí iṣẹ́ náà kò bá jẹ́ tiyín, ẹni tó ni ẹ̀tọ́ gbọ́dọ̀ fi ìyọ̀ǹda rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn nípasẹ̀ ímeèlì. Wọn a tún máa wo òfin Amẹ́ríkà mọ́ ti Nàìjíríà. Lọ́hùn-ún, ìwé tó ti ju ọdún 95 lọ tí wọ́n ti gbé e jáde ti bọ́ lábẹ́ ẹ̀tọ́.

PDF àwòrán lásán kò sọ nǹkan kan fún afọ́jú tó ń lo ẹ̀rọ tó ń kàwé sókè. Internet Archive máa ń gbìyànjú láti ka ọ̀rọ̀ inú àwòrán fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àmì ohùn àti lẹ́tà ìtẹ̀wé àtijọ́ máa ń dà á láàmú. Bí ẹ bá ní àwọn ọ̀dọ́ nílé, ẹ ní kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn, kí àgbà kan jókòó tì wọ́n láti bá wọn ka oríkì, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ PDF náà. Òfin 2022 fàyè gba ṣíṣe irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí kò lè ka ìwé títẹ̀.

Ẹ̀dà kan kò tó

Àlùfáà Samuel Johnson, tó jẹ́ pásítọ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba láti tẹ̀. Ó sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Inú àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ti tún ìwé náà kọ. Nígbà tí wọ́n fi ti ẹ̀ẹ̀kejì ránṣẹ́ ní 1916, ogun ń lọ lọ́wọ́, àwọn ará Jámánì sì gba ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé e, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwé náà kò jáde àfi ní 1921, Obadiah náà sì ti kú ní 1920.

Kò sí ilé ńlá tí èyí kò lè dé bá. Ní oṣù kẹwàá 2023, àwọn ọ̀daràn wọ inú kọ̀ǹpútà British Library, ọ̀pọ̀ ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kò sì ṣí fún oṣù mélòó kan. Ní oṣù kẹwàá 2024, Internet Archive fúnra rẹ̀ tì fún ọjọ́ mélòó kan nítorí irú ìkọlù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí fáìlì yín wà ní ibi mẹ́ta ó kéré tán: lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí fúláàṣì tàbí disk kan nílé, àti ní ilé-ìkàwé kan nítòsí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ lè lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ Olusegun Oke Library ní LAUTECH, tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Onítẹ̀bọmi tó ti wà láti 1898. Ní Ọ̀yọ́, ẹ lè lọ sí Yunifásítì Ajayi Crowther. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbé nǹkan lọ, nítorí gbogbo ilé-ìkàwé kọ́ ló ń gba fáìlì, ẹ sì fi àpèjúwe tí ẹ tẹ̀ sórí bébà tì í. Bí ìjọ tàbí ẹgbẹ́ yín bá sì ń tẹ ìwé tuntun lọ́wọ́, òfin Ilé-ìkàwé Orílẹ̀-èdè ti 1970 sọ pé kí akéde ìwé fún wọn ní ẹ̀dà mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni a ti ń gba ISBN, nọ́ńbà tí a fi ń dá ìwé mọ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta kò wọ́n, àwọn ẹgbẹ́ wa kì í sì í rántí rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá wá sọ pé òun kò fẹ́ kí ojú-ìwé kan wà ní gbangba, ẹ má bá a jà, ẹ má sì dúró de ìpàdé. Ẹ fi PDF tí ojú-ìwé náà kò sí nínú rẹ̀ rọ́pò ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àpèjúwe pé ojú-ìwé báyìí kò sí níbẹ̀ nítorí pé ẹbí ló tọrọ bẹ́ẹ̀, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Internet Archive máa ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì tí a ti rọ́pò fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ẹ padà lọ wò ó bóyá ti àtijọ́ ṣì ń hàn nínú àkójọ fáìlì, bí ó bá sì ń hàn, kí ẹ kọ̀wé sí wọn láti bá yín yọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá mú ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ baálé.